Ẹṣin Ọ̀gá Ń Jayé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé owó ti wọlé fún ọmọ Yorùbá kan ní Àbújá láyé òde òní, ẹ má wo mọ́tò rẹ̀ mọ́. Ẹ bi í léèrè ta ló ń bá ẹṣin rẹ̀ wọ́ra.

Tẹ́lẹ̀, jíìpù ni. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kó sídìí gọ́ọ̀fù, wọ́n ń fi igi na bọ́ọ̀lù bí ẹni ń pa ejò. Ní báyìí, ẹṣin ló kù, àti máṣáàjì ẹṣin.

Ẹ̀gbọ́n wa kan, tí mo máa pè ní Alàgbà torí mo ṣì ń retí kó yá mi lówó, ra ẹṣin láti Katsina lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gùn ún, lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Ẹni méjì ló gbé e sókè, ẹni mẹ́ta ló gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó ní kí n wá wo nǹkan. Láti Mararaba, mo fi wákàtí méjì jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya, àwa mẹ́rin lórí ìjókòó ẹni mẹ́ta. Ìgbà tí mo fi máa débẹ̀, ìbàdí mi ti ń pariwo.

Ọmọbìnrin kan ti wà nídìí ẹṣin. Ó bọ́ òrùka, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn lọ. Nígbà tó dé èjìká, ara ẹṣin náà gbọ̀n. Ó ní, "Ibẹ̀ rèé." Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbé ọwọ́. Kí n má parọ́, ẹṣin náà sọrí kodò, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀ wálẹ̀, ó sì yanu gbàgà bí alàgbà ìjọ nígbà ìwàásù.

Ó ṣàlàyé fún mi pé awọ ẹṣin kò yigbì bí a ṣe rò. Eṣinṣin kan bà lé e, á mọ̀ ọ́n lára. Ó ní àwọn ẹṣin fúnra wọn máa ń fi eyín họ òkè èjìká ara wọn ní pápá. Mo gbà. Ẹṣin pólò tó sáré fún ìṣẹ́jú méje, tí wọ́n ń fà lẹ́nu sọ́tùn-ún sósì, ẹ wọ́ ọ. Ẹṣin Hawan Sallah, ìyẹn ìwọ́de ẹlẹ́ṣin ọjọ́ ọdún ní Kánò, tí UNESCO kọ ayẹyẹ rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá ní 2024, tó ru èèyàn, ru gàárì, ru aṣọ ọ̀ṣọ́ nínú oòrùn, ẹ bá mi wọ́ tìyẹn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ti Alàgbà! Kí ló ń dùn ún? Ìdúró?

Ọmọbìnrin náà ní ìdúró sójú kan máa ń mú kí ara le lóòótọ́, pé kí wọ́n máa mú un jáde kó rìn. Alàgbà ní rárá o, á rẹ̀ ẹ́.

Màlámù tó ń tọ́jú ẹṣin ló di okùn mú. Òun ló ru àpò dúsà, oúnjẹ ẹṣin, wọlé láàárọ̀, òun ló kó ìgbẹ́, òun ló pọnmi. Ó ń fi ọwọ́ kejì tẹ ìbàdí ara rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọn ò ní bá Màlámù náà tẹ̀ ẹ́ díẹ̀?" Alàgbà rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Owó wákàtí kan yẹn, n ò ní dárúkọ rẹ̀, ìyàwó mi máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Ó ṣáà fi díẹ̀ ju owó oṣù Màlámù lọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà ń kó báàgì rẹ̀, mo sún mọ́ ọn, mo rọra ṣàlàyé Nyanya, bọ́ọ̀sì àti ìbàdí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ọmọ Ìbàdàn gidi. "Ẹ má bínú, Dádì. Àwọn tó ń gbé èèyàn sẹ́yìn nìkan ni mo máa ń wọ́."

Mo ro owó ilé, mo ro owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin, mo ro àbúrò ìyàwó mi tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún 2022 tí kò tíì padà. Mo wo ẹṣin náà. Ó ti sùn.