Ìpinnu lórí Èdè Abínibí: Ẹ̀rí Dà?

Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, ti fi gèdègédé sọ ọ́ ní Àbújá lóṣù kọkànlá ọdún 2025: ìjọba àpapọ̀ ti wọ́gi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú WAEC, NECO àti JAMB ní àwọn agbègbè tó gbá èdè abínibí mú jù. Ẹni tínú rẹ̀ dùn sí i ti sọ̀rọ̀, ẹni tó bí nínú náà ti sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tiwa. Ẹ̀rí ni wọ́n ní àwọn tẹ̀ lé. Jọ́nà wo, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ fi ń tẹ ìwádìí jáde, ni olùkọ́ ti lè ka ẹ̀rí náà, ìdìpọ̀ kelòó, ojú ewé kelòó?

A ń béèrè nítorí pé ẹ̀rí mìíràn wà nílẹ̀, nítòsí wa níbí. Ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní iléèwé St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn méjèèjì sórí ìwọ̀n, àwọn ọlọ́dún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá fún iṣẹ́ náà. Olùkọ́ tó bá gbé fóònù lónìí á rí ohun tí àwọn èèyàn sọ nípa ìwádìí yìí rẹpẹtẹ. Kó wá rí ìwádìí náà gan-an, tàbí ojú ewé kan péré nínú àwọn ìwé ìṣirò yẹn, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń kọ́.

Ìwé ìròyìn yìí ti wí i títí ẹnu fẹ́ẹ̀ bó: jọ́nà tí a kò lè wá nǹkan nínú rẹ̀, àká tí wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sódò ni. Kì í ṣe pé àwọn yunifásítì wa kò ní ìkànnì. Open Journal Systems, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbé jọ́nà sórí ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ni wàhálà. Wọ́n á di odindi ẹ̀dà kan, àpilẹ̀kọ mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, sínú PDF kan ṣoṣo, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Fáìlì kan fún àpilẹ̀kọ kan ni Google Scholar, ẹ̀ka Google tó ń wá iṣẹ́ àwọn onímọ̀, ń fẹ́, PDF kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju 5MB lọ. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ńkọ́? Wọ́n ya fọ́tò ojú ewé, wọn kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà da lẹ́tà inú rẹ̀ mọ̀. Lójú ẹ̀rọ, kò yàtọ̀ sí fọ́tò ìgbéyàwó.

Ti Yorùbá tún wá burú sí i. Kí Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ḿbà tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àkànṣe ni àwọn onímọ̀ wa fi ń tẹ àmì. Lójú ìwé ó dára, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, lẹ́tà àjèjì kan ló jókòó síbi tí ẹ ti ń rí "ọ". Ẹ ṣe àdàkọ gbólóhùn kan nínú irú PDF bẹ́ẹ̀, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn, ẹ óò rí wúruwùru tó máa jáde. Nínú Unicode pàápàá, ọ̀nà tí a lè gbà tẹ "ọ̀" ju ẹyọ kan lọ: "ọ" tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tirẹ̀, kí a wá gbé àmì ohùn lé e, tàbí "ò", kí a wá fi àmì sí i nísàlẹ̀, tàbí "o" gbalasa, kí a fi méjèèjì kún un. Àwọn mìíràn ń fa igi kékeré sísàlẹ̀ dípò àmì roboto. Ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ẹ̀rọ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìkànnì tí wọn kò bá ṣètò láti ka gbogbo wọn sí ọ̀kan náà yóò dá olùkọ́ lóhùn pé kò sí ohun tó ń wá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ohun náà wà níbẹ̀. Ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wà nínú ọgbà yunifásítì kan náà. Kí ló dé tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀?

Ti orúkọ ìkànnì tún wà níbẹ̀. Owó tí wọ́n ń san lọ́dọọdún ni. Olóòtú tó ń fi káàdì ara rẹ̀ san án á fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni kò ní rántí, oníṣòwò kan á ra orúkọ náà, àpilẹ̀kọ ọdún gbọọrọ á di ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. DOI ló yẹ kó gbà wá nínú èyí, ìyẹn nọ́ḿbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tí a ń kọ sẹ́yìn doi.org/. Jọ́nà lè kó lọ síbikíbi, nọ́ḿbà náà kì í yí padà, bí onílé bá sáà ti fi àdírẹ́sì tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Jọ́nà tó sanwó DOI, tó kó lọ, tí kò sì sọ ibi tó kó lọ, orúkọ wo la fẹ́ pe ìyẹn?

Kí olùkọ́ má bàa jókòó máa dúró de Àbújá, ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ìwáǹkan jọ́nà náà. Ẹ wọ Google, ẹ kọ site: kí ẹ lẹ àdírẹ́sì jọ́nà mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá, kí ẹ fi filetype:pdf kádìí rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà láìsí àmì. Ẹ fi àmì sí i, ẹ tún un wá. Ẹ wá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni àkọlé ọ̀pọ̀ àpilẹ̀kọ tó dá lórí Yorùbá. Bí kò bá yọjú, ẹ tẹ Archives lórí ìkànnì jọ́nà, kí ẹ ṣí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa ka àkọlé lọ. Ó ń jẹ àkókò àti dátà, ṣùgbọ́n òun ló dájú jù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ẹ tẹ "All versions" lábẹ́ àkọlé náà lórí Google Scholar. Nígbà mìíràn òǹkọ̀wé ti gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ síbòmíràn. Lórí JSTOR, ìkànnì tó kó ọ̀pọ̀ jọ́nà jọ, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lè ka àpilẹ̀kọ tó tó 100 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, kíkà lójú ẹsẹ̀ lásán, kì í ṣe gbígbà sílẹ̀ sórí fóònù. Ibẹ̀ ni jọ́nà Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìtàn Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1956, wà. African Journals Online, tó ti wà láti 1998, Gúúsù Áfíríkà ni ibùjókòó rẹ̀, jọ́nà Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù lórí rẹ̀. Ará òde ló ń bá wa tọ́jú ìwé wa. Àwọn ọ̀gá wa kò tilẹ̀ tijú.

Tó bá jẹ́ ohun ìkọ́ni ni ẹ ń wá, ẹ má tètè kúrò lórí ojú ewé àpilẹ̀kọ. Ẹ wo abẹ́ ìṣọníṣókí tàbí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ibẹ̀ ni jọ́nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ń gbé àfikún sí: ìbéèrè, àtẹ, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. (Ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ní ìjálá láìsí ohùn, ẹ kú iṣẹ́.) Kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà fún kíláàsì, ẹ ka ìlà àṣẹ ìlò. CC BY, àṣẹ ìlò ọ̀fẹ́ kan, gbà yín láàyè láti tẹ̀ ẹ́, pín in, túmọ̀ rẹ̀, bí ẹ bá ti dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ẹ bá rí ND (ìyẹn "ẹ má yí i padà") nínú rẹ̀, ẹ lè pín in bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ pín ìtumọ̀ rẹ̀. Jọ́nà Nàìjíríà tó bá fi ND sórí àpilẹ̀kọ ìkọ́ni, ohun tó ń sọ ni pé kí olùkọ́ Yorùbá má gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yorùbá ní Yorùbá. Bóyá olóòtú kò mọ̀. Kó mọ̀ láti òní lọ.

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé kò sówó. TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sórí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba, ń gba owó láti inú èrè àwọn ilé-iṣẹ́, ó sì ń ná nínú rẹ̀ sórí títẹ jọ́nà. Kí ó má fún jọ́nà kankan ní kọ́bọ̀ mọ́ àfi èyí tó bá pín àpilẹ̀kọ rẹ̀ sí fáìlì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó jẹ́ kí ẹ̀rọ ka lẹ́tà inú rẹ̀, tí orúkọ ìkànnì rẹ̀ wà lọ́wọ́ yunifásítì, tí kò sí lọ́wọ́ olóòtú kan. Àwọn yunifásítì ńkọ́? Iye àpilẹ̀kọ ni wọ́n ń kà kí èèyàn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n. Bóyá ẹnikẹ́ni rí i kà, ìyẹn kò kàn wọ́n. Ó ti sú wa! Kí Ifẹ̀ gbé ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ Mọdákẹ́kẹ́ jáde síbi tí olùkọ́ lè ti ṣí i lórí fóònù, kí mínísítà náà sì gbé iṣẹ́ tí ìpinnu rẹ̀ dúró lé síbẹ̀, kí a fi méjèèjì wé ara wọn.

TETFund lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Kí òṣìṣẹ́ kan mú fóònù, kó kọ "ede abinibi" sínú àpótí ìwáǹkan jọ́nà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń fún lówó, kó ka iye tó dáhùn. A óò tẹ èsì náà jáde bí wọ́n bá fi ránṣẹ́.