Ẹ gbé máìkì síwájú onílù

Inú mi ò tíì rọ̀ láti Sátidé. Mo ní kí n gbé e jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ mọ àbúrò mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n máa ń dánra wò lẹ́yìn ilé wa ní Ìtọ́kò, l'Abẹ́òkúta. Ọ̀kan ń lu gángan, ọ̀kan wà nídìí àkúbà, ọ̀kan ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó sì ń gberin. Àbúrò mi ló ń ráàpù, ẹnu Ẹ̀gbá ló sì fi ń ráàpù. Wọ́n pè wọ́n síbi ìgbéyàwó kan ní Òkè-Ìlewó. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, awọ ìlù ti dẹ̀. Ọmọ onígángan gbé ìlù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ níbi tí ooru ti ń jáde, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ awọ wò, á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á gbé etí sí i, á tún gbé e padà. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tó fi wà lórí ìdúró níbẹ̀.

Nígbà tó kàn wọ́n, MC ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ráàpù lẹ fẹ́ ṣe ni àbí àpàlà? Ẹ mú ọ̀kan." Máìkì kan ṣoṣo ló fún wọn. Ó ní káwọn onílù lọ jókòó, kí wọ́n fún DJ ní bíìtì tó wà nínú fláàṣì. Fláàṣì wo? Àwọn ọmọ yẹn gan-an ni bíìtì! Àbúrò mi ráàpù lórí òfìfo fún bí ìṣẹ́jú méjì, DJ bá ki orin mìíràn bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Onígángan fi fìlà rẹ̀ wé kọ̀ngọ́, ó tì í bọ àpò.

Mo lọ bá MC. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí ó jù mí lọ dáadáa. Ó ní, "Níbo lo ti rí i rí tí wọ́n ń fi ìlù gidi ráàpù?" Mo ní, "Philadelphia ni, sà." Ó kọjá lọ. Ohun tí kò dúró gbọ́ ni mo fẹ́ sọ níbí.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ The Roots. Ọdún 1987 ni Tariq Trotter, tá a mọ̀ sí Black Thought, àti Ahmir Thompson, ìyẹn Questlove, bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ̀bá títì South Street ni wọ́n ti ń ṣeré: ọ̀kan ń lùlù, ọ̀kan ń ráàpù, àwọn tó ń kọjá ń náwó fún wọn. Ká ní ilé wa ni wọ́n ti bí Questlove, Àyàn ni ìbá bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀: olórin ni Lee Andrews bàbá rẹ̀, láti kékeré ló sì ti ń lùlù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1993. Wọ́n po jáàsì, sóòlù àti ráàkì mọ́ ráàpù. Ní 1999, wọ́n fi orúkọ ìwé Chinua Achebe wa, Things Fall Apart, sọ àwo wọn, orin tí Erykah Badu bá wọn dá sí nínú rẹ̀ sì gba Grammy ní 2000. Láti 2009, àwọn ni Jimmy Fallon, atọ́kùn ètò alaalẹ́, ń lò bí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Wọn ò mú ọ̀kan.

Ẹ má sì sọ fún mi pé Amẹ́ríkà nìyẹn. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n bí Fẹlá sí ní 1938, ta ni ò mọ ohun tó fi jáàsì àti ìlù wa ṣe? Àyìnlá Ọmọwúrà kú láti 1980, síbẹ̀ bí ìlù rẹ̀ bá ti dún, ìyá mi á gbé omorogùn dúró nínú àmàlà kó lè gbọ́ ohun tí ìlù ń wí. Nínú àpàlà, olórin á sọ̀rọ̀, ìlù á dá a lóhùn. Kí wá ni ráàpù, bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tó ń gun ìlù?

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, mo pe àwọn ọmọ náà, mo fi fídíò The Roots hàn wọ́n lórí fóònù mi. Onígángan ò wo ẹlòmíì, ọwọ́ Questlove nìkan ló ń wò. Nígbà tó parí, ó ní, "Àǹtí, ṣé tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ń sanwó oṣù fún wọn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọdún wo lẹ ní wọ́n bẹ̀rẹ̀?"

Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ọdún méjìlélógún kí wọ́n tó dé ibẹ̀ nìyẹn." Mo ní wọ́n ń tàwo, wọ́n ń rìnrìn àjò lọ ṣeré, wọ́n ń rí nǹkan jẹ. Ó ní òun gbọ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀ lòun máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fóònù títún ṣe ní Pánṣẹ́kẹ́, kí n jọ̀ọ́ bá òun tọ́jú ìlù.

Ó wà lórí ìṣó ní pálọ̀ mi báyìí. Ọ̀ṣán kan ti já lára rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbé e lọ fún ẹni tó máa tún un ṣe, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi wá béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀.