Ṣé Kóstá Ríkà ni kí tọkọtaya yìí lọ, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ mọ omi àti ẹyẹ tó wà nítòsí?

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi tí a kò tíì rí ojútùú rẹ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ bá wa dá sí i. Ọdún kẹwàá ìgbéyàwó wa ń bọ̀ lọ́nà, a sì ti ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ kí àwa méjèèjì lè rìnrìn àjò fàájì láìsí ọmọ, láìsí iṣẹ́. Ohun mẹ́ta ni a jọ fẹ́: omi tó ń dà láti orí àpáta, ìsun omi gbígbóná tí a lè wọ̀, àti ẹyẹ, nítorí pé ọkọ mi fẹ́ràn ẹyẹ kọjá sísọ. Ó ní Kóstá Ríkà ni gbogbo rẹ̀ pé sí, pé ibẹ̀ ni kí a forí lé. Èmi rò pé kí a lo ọjọ́ díẹ̀ ní Possotomé, létí adágún Ahémé, kí a sì ti ibẹ̀ kọjá sí Ìkògòsì àti Erin-Ìjẹ̀ṣà ní Nàìjíríà, kí owó ilé ìwé àwọn ọmọ má baà bá ìrìn àjò lọ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà kan nínú méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, kó sọ ohun tó mọ̀.

Ọmọ Alákétu, Kétu
Ẹ kú ìmúra ọdún kẹwàá, Ìyá Ìbejì. Ọkọ yín ni mo gbè lẹ́yìn. Kóstá Ríkà kò tó ìdajì orílẹ̀-èdè wa, Benin, ní fífẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 51,100 kìlómítà onígun mẹ́rin, tiwa sì lé ní 114,000, síbẹ̀ oríṣi ẹyẹ tí wọ́n ti rí níbẹ̀ lé ní 900. Ohun tó fà á ni pé àárín Amẹ́ríkà ti Àríwá àti ti Gúúsù ló wà. Òkun wà lápá ọ̀tún, òkun wà lápá òsì, òkè gíga sì dúró láàárín, tó fi jẹ́ pé ẹni tó jí sínú ooru etí òkun lè wà nínú ìkùukùu àti òtútù kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ẹyẹ tí yóò sì rí lókè yóò yàtọ̀ sí àwọn tó fi sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ní ti omi, ẹ̀bá Òkè Arenal ni kí ẹ lọ. Òkè ayọnáyèéfín ni. Ó bú gbàmù ní ọdún 1968, ó gbẹ̀mí àwọn ènìyàn, kò sì dákẹ́ títí di ọdún 2010. Ooru abẹ́ òkè yẹn ló ń se omi tó ń sun jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, kódà odò kan wà ní Tabacón tó jẹ́ pé ní gbígbóná ló ń ṣàn kọjá láàárín igbó. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni omi La Fortuna ti ń já wálẹ̀ láti ibi tó ga tó nǹkan bíi 70 mítà. Bí ẹ bá wo èyí láàárọ̀, ẹ ó wọ tọ̀hún ní ìrọ̀lẹ́. Níbo nítòsí wa ni ẹ ti máa rí ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọlọ́kọ̀ Odò Dúdú, Àjàṣẹ́
Ọmọ Alákétu, mo gbọ́ ti 900 yẹn, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tọkọtaya kan kò lè rí 900 ẹyẹ ní ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá fara balẹ̀ wo ogún péré, tí wọ́n sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń gbé ayé rẹ̀, wọ́n ti jèrè ju ẹni tó ń sáré ka iye lọ. Ẹ wo àtíòro, tó ń fò kọjá lórí ilé wa tí a kì í tilẹ̀ í gbójú sókè wò. Bí ó bá tó àkókò láti yé ẹyin, abo yóò wọ inú ihò igi, wọn yóò fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà pa, àfi àlàfo tín-ín-rín kan tí ẹnu akọ lè wọ̀. Inú ibẹ̀ ni ìyàwó wà tí yóò fi sàba, akọ ni yóò sì máa wá èso àti kòkòrò kiri, tí yóò máa ki ẹnu bọ àlàfo yẹn láti fún un jẹ. Bí akọ bá kú sọ́nà oko ọdẹ, ewu ńlá ni fún aya àti ọmọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọdún kẹwàá ìgbéyàwó, ẹyẹ wo ló tún yẹ kí ẹ lọ wò ju ìyẹn lọ?

Ẹ tún wo àlùkò. Láti kékeré ni a ti ń ké e pé agbe ló l'aró, àlùkò ló l'osùn, lékelèéke ló l'ẹfun, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti rí osùn náà lójú ara rẹ̀? Bí àlùkò bá dúró lórí ẹ̀ka, dúdú tó ń dán bí aṣọ aláró ni ẹ ó rí. Ìgbà tó bá na ìyẹ́ láti fò ni pupa yẹn ń là jáde lójijì. Bàbà gidi, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná, wà nínú àwọ̀ pupa náà, àwọn tó yẹ ìyẹ́ rẹ̀ wò ló rí i bẹ́ẹ̀.

Ní ti ọ̀dọ̀ wa gan-an, ìsàlẹ̀ odò Wẹ̀mẹ̀, ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué ti wà nínú àkọsílẹ̀ Ramsar láti ọdún 2000, ìyẹn ìwé àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń dá àbàtà pàtàkì mọ̀ lágbàáyé. Bí ọyẹ́ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù yóò wá bá àwọn tiwa níbẹ̀. Àwọn àlejò òyìnbó ń ná owó gọbọi láti wá wò wọ́n. Ó dùn mí pé ọmọ Àjàṣẹ́ yóò wọ ọkọ̀ òfuurufú kọjá lórí wọn.

Olùkọ́ Ìmọ̀ Ilẹ̀, Ṣábẹ̀
Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa omi, nítorí pé ó jọ pé ẹyẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ wa. Ìsun omi gbígbóná kì í ṣe oríṣi kan. Ti Arenal, òkè ayọnáyèéfín ló ń gbóná sí i. Ti Ìkògòsì kò ní irú òkè bẹ́ẹ̀ rárá: òjò ló ń gba inú pàlàpálá àpáta wọlẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ jíjìn, bí ó sì ṣe ń jìn sí i ni ooru ilẹ̀ ń mú un sí i, títí yóò fi rí ọ̀nà gòkè padà. Nítorí náà, kí Ìyá Ìbejì má retí omi tó ń hó. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, ìsun tútù kan sì wà nítòsí rẹ̀. Níbi tí omi méjèèjì ti pàdé, ẹ lè fi ẹsẹ̀ kan sínú lílọ́wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi ìkejì sínú tútù, kí ẹ sì mọ ààlà wọn lára. Omi Àríntà ní Ìpólé-Ìlórò kò jìnnà sí ibẹ̀, omi Olúmirin ti Erin-Ìjẹ̀ṣà sì ní ìpele méje. Ìtàn ìlú náà sọ pé Akinlá, ọmọ-ọmọ Odùduwà lóbìnrin, ló kọ́kọ́ rí i. Àgbà tí orúnkún ń dùn lè jókòó sí ìpele àkọ́kọ́ kó sì gbádùn ara rẹ̀, nítorí pé gígun rẹ̀ ń le bí a ṣe ń lọ sókè.

Àwọn kan lè ní kí wọ́n kúkú lọ wo omi Kota tó ń dà láti orí àpáta, lẹ́bàá Natitingou. Ibi tó dára ni, ṣùgbọ́n ó ju 500 kìlómítà lọ láti Àjàṣẹ́, ọ̀gbẹlẹ̀ sì máa ń fa omi rẹ̀ gbẹ, tó fi jẹ́ pé ẹni tó lọ lóṣù kẹta lè bá omi tín-ín-rín lórí àpáta. Ní ti omi Tanougou tó wà lẹ́bàá ọgbà ẹranko Pendjari, èmi kò ní gba tọkọtaya kankan níyànjú láti lọ nísinsìnyí. Ní ọdún 2019 wọ́n jí àlejò Faransé méjì gbé nínú ọgbà ẹranko yẹn, wọ́n sì pa amọ̀nà wọn, ọmọ ilẹ̀ wa. Àlàáfíà kò sì tíì padà sí ẹkùn náà tán.

Ohun kan ṣì kù tó kan ilé àti òkèèrè bákan náà. Òjò lè rọ̀ lókè odò níbi tí ẹ kò ti rí i, kí oòrùn sì máa ràn lórí yín, kí omi wá ya dé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá rí i pé omi tó mọ́ ń di rírú, tí ewé àti igi gbígbẹ ń bá a bọ̀, ẹ má ya fọ́tò kankan mọ́. Ẹ gun òkè kíá.

Ọmọ Alákétu, Kétu
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n mi ò tíì yí padà. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kọ̀, igi wo ni àtíòro yín fẹ́ wọ̀? Àtíòro nílò igi ńlá tó ti gbó, tó sì níhò, àwọn igi bẹ́ẹ̀ gan-an ni a sì ń gé lulẹ̀ lójoojúmọ́ fún pákó àti èédú. Àwọn ọmọdé wa ń fi kànnàkànnà lé ẹyẹ, àwọn àgbà sì ń ra odídẹrẹ́ bẹ́ẹ̀ náà ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí a má ṣe ta odídẹrẹ́ inú igbó láti ilẹ̀ kan sí òmíràn mọ́. Àwọn ará Kóstá Ríkà pàápàá gé igbó tiwọn. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, ohun tó kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ wọn lọ. Wọ́n wá ṣe òfin igbó ní ọdún 1996, tó ní kí ẹnikẹ́ni má sọ igbó di oko mọ́, tó sì ní kí a máa san owó fún onílẹ̀ tó bá dá igbó rẹ̀ sí, lára owó orí epo ọkọ̀. Lónìí, igbó ti gba ju ìdajì ilẹ̀ wọn lọ. Bí tọkọtaya yìí bá lọ, kì í ṣe fàájì nìkan ni wọn yóò rí. Wọn yóò rí i pé ohun tó bàjẹ́ ṣeé tún ṣe, wọn yóò sì lè sọ ọ́ fún wa nílé.

Ọlọ́kọ̀ Odò Dúdú, Àjàṣẹ́
Àbúrò mi, òtítọ́ lo sọ nípa igi, ó sì ń dun èmi jù ọ́ lọ torí pé ojú mi ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí o parí ọ̀rọ̀ sí ni mi ò ti bá ọ lọ. Ẹni tó ni ilẹ̀ ní Kóstá Ríkà dá igbó sí nítorí pé ó rí owó nínú rẹ̀, láti ọwọ́ ìjọba àti láti ọwọ́ àlejò. Ta ni yóò san ti àwọn tiwa? Bí ọmọkùnrin kan lábúlé bá rí i pé tọkọtaya láti Àjàṣẹ́ san sefa fún òun kí òun lè fi ihò àtíòro hàn wọ́n, yóò di ọ̀tá ẹni tó bá gbé àáké sún mọ́ igi yẹn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lówó láti ṣe fàájì nínú wa kì í ná an níbí, àwa kan náà ló sì ń ráhùn pé kò sí ohun tó dára níbí.

Nọ́ọ̀sì, Kétu
Ẹ má bínú pé mo dá ọ̀rọ̀ náà dúró díẹ̀. Bí ẹ bá yan Kóstá Ríkà, wọn yóò béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó ti ọ̀dọ̀ wa wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti gbà á ní ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú tó lọ tààrà láti Kútọnu. Paris tàbí Madrid ni ọ̀pọ̀ ń gbà, nítorí náà ẹ béèrè ọ̀rọ̀ físà ti ibi tí ẹ ó ti pààrọ̀ ọkọ̀ pẹ̀lú. Ti Nàìjíríà kò le tó bẹ́ẹ̀, torí pé ọmọ ECOWAS kò nílò físà. Ibikíbi tí ẹ bá sì lọ, aboyún kò gbọ́dọ̀ pẹ́ nínú omi tó gbóná gan-an, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò sì gbọ́dọ̀ dìde fùú láti inú rẹ̀, nítorí pé òòyì lè kọ́ ọ kó sì ṣubú lórí àpáta.

Bàbá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Èmi ni ọkọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀, mo sì dúpẹ́. Ohun tó ń fà mí lọ sí Kóstá Ríkà ni ẹyẹ kan tó ń jẹ́ quetzal, tó ń gbé nínú igbó olókùúkùu lórí òkè. Àwọ̀ ewé ni ara rẹ̀, àyà rẹ̀ pupa, ìyẹ́ ìrù akọ sì gùn ju ara rẹ̀ lọ. Píà igbó ló ń jẹ jù. Ó ń gbé e mì lódindi, yóò sì pọ̀ kóró rẹ̀ síbòmíràn, nípa bẹ́ẹ̀ ló ń gbin igi tó ń bọ́ ọ. Láti ìgbà tí mo ti wà nílé ìwé ni mo ti fẹ́ rí i, mi ò sì ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ náà ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ọlọ́kọ̀ wọ̀ mí lára. Bí a bá máa bẹ̀rẹ̀ láti ilé, ohun kan ni mo fẹ́: amọ̀nà tó mọ ẹyẹ ní tòótọ́, tí kì í ṣe ẹni tí yóò kàn wa ọkọ̀ wa káàkiri, kó máa pa ìtàn, kó sì dá wa padà.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́
Mo fara mọ́ ohun tí ọkọ mi sọ. Oṣù kọkànlá ni a ó lọ. Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kọ̀, kí ni a ó fi dá amọ̀nà rere mọ̀?

Ọlọ́kọ̀ Odò Dúdú, Àjàṣẹ́
Ẹ bi í léèrè àkókò tó fẹ́ kí ẹ gbéra. Bí ó bá ní aago mẹ́wàá, ẹ wá ẹlòmíràn, nítorí pé ẹyẹ ti fara pamọ́ fún oòrùn ní àkókò yẹn; aago mẹ́fà ìdájí ni kí ẹ ti wà lójú omi. Ẹ ní kó dijú, kó sì sọ orúkọ ẹyẹ tó ń ké lókè. Àjẹ̀ ni kó fi wa ọkọ̀, kó má tan ẹ́ńjìnnì, kó má sì tẹ orin sókè. Kó má ṣe fọwọ́ kan ìtẹ́ ẹyẹ nítorí fọ́tò, bí ẹ tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn, kí ẹ sì mú awò ìwòkèèrè méjì dání, ti ọkọ lọ́tọ̀, ti aya lọ́tọ̀, nítorí pé àlùkò kò ní dúró de ẹni tó ń tọrọ awò lọ́wọ́ ẹnìkejì.