Bí A Bá Ń Sunkún, A Máa Ń Ríran

Ní Sátidé tó kọjá, wọ́n pè mí sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan. Ìrẹsì ti jinná, alága ìdúró àti alága ìjókòó ti ń fi orin na ara wọn, ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó bá tẹ̀ mọ́ mi létí: "Dádì, AS làwọn méjèèjì o." Irú ẹ̀jẹ̀ wọn ló ń wí, irú èyí tí tọkọtaya bá jọ ní in, wọ́n lè bí ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Mo bá fa ìyá ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Wòlíì ìjọ wọn ti mú àwọn ọmọ náà lọ sórí òkè fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gbàdúrà sí ẹ̀jẹ̀ ọkọ, Ọlọ́run sì ti sọ AS di AA, ẹ̀jẹ̀ tí kò lábùkù. Mo bi í pé ṣé wọ́n ti padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ó wò mí bí ẹni pé mo bú Ẹlẹ́dàá. "Bàbá Tólú, ṣé kí á máa dán Ọlọ́run wò ni?" Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́ lọ́jọ́ náà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Omijé lè kún ojú, ẹni tó ń sunkún ò ní tìtorí ẹ̀ rìn wọ kànga. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àdúrà rí. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ́ di pé ojú tó bá là sílẹ̀, ojú aláìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó bá béèrè ìwé àyẹ̀wò, wọ́n á ní ó ti kó sáyẹ́ǹsì wá bá Ọlọ́run jà. Ta ló sọ fún wa pé àwọn méjèèjì ń jà?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ẹ̀jẹ̀ náà ń sọ. Olúkúlùkù wa ló gba àbùdá ẹ̀jẹ̀ kan lọ́wọ́ bàbá, tó sì gba ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá. Ẹni tó jẹ́ AS gba ọ̀kan tó dára àti ọ̀kan tí kò dára; ara rẹ̀ le, ó lè darúgbó láì mọ ohun tó gbé sára. Tí AS bá wá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn ọmọ tó gba èyí tí kò dára lọ́wọ́ bàbá àti ìyá, tí àìsàn náà sì máa ṣe é. Oyún kọ̀ọ̀kan ni mo wí o. Àwọn kan ń rò pé tí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, mẹ́ta tó kù ti bọ́ nìyẹn. Rárá o. Obì tí a dà láàárọ̀ kò sọ bí tìrọ̀lẹ́ ṣe máa yàn.

Ẹni tó sì kọ́kọ́ rí ìdí ìṣirò yìí kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Gregor Mendel ni, mọ́ǹkì ìjọ Àgùdà ní ìlú Brno, tó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí. Láti nǹkan bí ọdún 1856 ló ti ń gbin irú ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní pea sínú ọgbà ilé ìsìn náà. Ó ń mú àtíkè òdòdó ọ̀kan lọ sára èkejì, ó ń ka àwọn ọmọ tí wọ́n so, títí ó fi rí i pé àbùdá tó fara pamọ́ lára òbí méjèèjì máa ń yọjú padà lára bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1866. Ní 1868, àwọn ará rẹ̀ fi í jẹ olórí ilé ìsìn náà. Wọn ò lé e jáde. Ọwọ́ tó ń ka ẹ̀wà náà ló ń gbé àgbélébùú.

Ohun tí mo ń sọ yìí, ojú mi ló rí i. Nílé tí a ti háyà yàrá nígbà kan, ìyá kan wà tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò tíì pé ọdún kan tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú, tí ìka rẹ̀ tóbi bí ìka ẹni tí agbọ́n ta. Wọ́n ní eyín ló ń hù. Nígbà tó pé ọmọ ọdún márùn-ún, a máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru láti ara ògiri: "Màmí, ẹsẹ̀ mi. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ sílẹ̀." Ìyá rẹ̀ á ki aṣọ bọ omi gbígbóná, á fún un, á fi di ojúgun rẹ̀, á tún ki òmíràn bọ̀ ọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí i pé funfun ẹyinjú ọmọ náà ti pọ́n bí èso ìyeyè. Òróró àdúrà wà lórí fèrèsé wọn, ìgò mẹ́rin. Hóró fólíìkì, òògùn tó ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, tí dókítà ní kó máa lò ti tán láti oṣù méjì. Wòlíì kan ló ní kí wọ́n má rà á mọ́, pé òògùn òyìnbó ń dí ìwòsàn lọ́wọ́.

Ohun tó ń ṣe ọmọ náà ò ṣókùnkùn. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó dára rí roboto, ó rọ̀, ó ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára. Tiẹ̀ ń tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, ó ń há sínú iṣan tóóró, 10 sí 20 ọjọ́ ló fi ń fọ́ dànù. Ibi tó bá ti há ni eegun ti ń ké. Àwọn àgbà wa pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde, orúkọ náà sì bá a mu. Ọmọ yẹn ò pé mẹ́wàá. (Kì í ṣe pé SS jẹ́ ègún o. Mo mọ ẹni tó ní in tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó bímọ, tó ń ṣiṣẹ́. Òun ò fi òògùn rẹ̀ ṣeré, kò sì fi omi mímu àti ìdènà ibà ṣeré.)

Mi ò bá àwọn bàbá wa wí. Wọ́n rí obìnrin tó ń bí tó ń sin, wọ́n pe ọmọ ní àbíkú, wọ́n sọ ọ́ ní Málọmọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Kòsọ́kọ́. Ibà àti èéyi pa púpọ̀ nínú wọn, àìsàn yìí náà sì kó tirẹ̀. Wọn ò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi wo ẹ̀jẹ̀. Ọdún 1910 ni James Herrick, dókítà kan ní Chicago, tó kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ tó rí bíi dòjé. Mi ò sì bá àwọn Aládùúrà ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ wí. Nígbà tí àjàkálẹ̀ ìfúlúẹ́ńsà wọ ilẹ̀ wa ní 1918, dókítà ò ní òògùn rẹ̀. Àwọn tó kóra jọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti gbàdúrà, ibi tí ọ̀nà là sí ni wọ́n gbà. Àwa tí ọ̀nà là fún lọ́tùn-ún lósì, kí ni tiwa?

Àwọn tó gbé ẹ̀sìn wá náà ló kọ́ ilé ìwòsàn fún wa. Fadá Coquard ló bẹ̀rẹ̀ ti Lántòrò ní Abẹ́òkúta ní 1895. Àwọn Onítẹ̀bọmi ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ṣe ti Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún 1950, ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣe káàdì tí wọ́n fi ń wọn bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, tó ti ibẹ̀ dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní àyẹ̀wò ń dán Ọlọ́run wò, ṣé ẹ ti ka ìwé yín? Nígbà tí Jésù wo adẹ́tẹ̀ sàn, ó ní kó lọ fi ara rẹ̀ han àlùfáà, nítorí àlùfáà ni òfin Mósè yàn láti yẹ ara adẹ́tẹ̀ wò. Iṣẹ́ ìyanu náà lọ gba àyẹ̀wò! Ànábì Muhammad ní kí ọkùnrin tó bi í léèrè so ràkúnmí rẹ̀, kó tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run. Èwo ni ti wòlíì tó ní ẹ̀jẹ̀ ti yí, tí kò fẹ́ kí a wò ó? Àwọn dókítà tó ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun, tí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń yí padà nítòótọ́, àwọn gan-an ò sọ pé ohun tí onítọ̀hún máa fún ọmọ rẹ̀ ti yí.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè náà ni kí ìfẹ́ tó wọra, kí á tó ra aṣọ ẹbí. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa bi àwọn ọmọ yín léèrè nígbà tí wọ́n ṣì ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín lórí fóònù. Pásítọ̀ tó ń gba ìwé àyẹ̀wò kó tó so yìgì ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé oṣù kan ṣáájú ìgbéyàwó ló ń gbà á, ó ti pẹ́ jù. Mo mọ̀ pé kíkọ ẹni tí a fẹ́ràn sílẹ̀ ń dunni wọ eegun. Ìwé àyẹ̀wò ò lè nu omijé yẹn. Iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin ààfáà: kí ẹ jókòó ti ọmọ tó ń sunkún, kí ẹ bá a gbé e. Iṣẹ́ tó le nìyẹn, kò sì ní pariwo, kò ní mú owó wá. Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ lọ ń gba iṣẹ́ láàbù ṣe. Nígbà tí ọmọ bá ń ké lóru pé kí wọ́n bá òun tẹ ẹsẹ̀, ta nínú yín ló máa ń wà níbẹ̀?

Mo pe ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí àwọn ọmọ méjèèjì jọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn lójú ara wọn, èmi ni màá san owó rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkọ bá jẹ́ AA lóòótọ́, màá jó wọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, màá dọ̀bálẹ̀ fún wòlíì náà níwájú ìjọ. Ó ní òun máa bá ìyàwó òun sọ ọ́. Kò tíì pè mí padà. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Owó náà wà nínú àpòòwé lórí tábìlì mi, mo ti kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sí i lára.