Ẹ jẹ́ kí òbí gbọ́ kó tó pẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn òbí kan ní Abẹ́òkúta kì í lè sọ síta nítorí ìtìjú. Ọmọ wọ yunifásítì, bàbá ń sanwó ilé ẹ̀kọ́, ìyá ń fi owó oúnjẹ ránṣẹ́. Ọdún kẹrin pé, ọdún karùn-ún pé, ẹbí ti ń sọ̀rọ̀ aṣọ tí wọn yóò dá fún ayẹyẹ ìgboyèjáde. Ìgbà yẹn ni àṣírí tú pé ọmọ ọ̀hún kò sí nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ mọ́ láti ìpele kejì. Máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, wọ́n ti ní kó máa lọ, kò sì mọ bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà délé. Owó ti lọ. Èyí tó dùn wá jù ni ọdún mẹ́ta tí ọmọ náà fi ń jí láràárọ̀ nínú yàrá tí wọ́n háyà fún un, tó ń múra bí ẹni tó ń lọ sí kíláàsì, tí kò sì sí àgbàlagbà kan tó mọ̀ pé wàhálà ti bá a.

Ohun tí ìwé ìròyìn yìí ń béèrè kò lọ́jú pọ̀. Kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Abẹ́òkúta la ọ̀nà kan sílẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, tí òbí yóò fi máa gbọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ bàjẹ́. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà láàárín wa láti 1988. Yunifásítì Crescent dé ní 2005, Yunifásítì Chrisland tẹ̀ lé e ní 2015. Ká tó wá dórí MAPOLY, ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe Moshood Abiola, àti ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ìlú tó gba ọmọ ọlọ́mọ lálejò tó báyìí, tó sì fi ọmọ tirẹ̀ náà síbẹ̀, kò yẹ kó máa gbọ́ ìròyìn wọn lẹ́nu alárìnkò.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Nígbà tí ọmọ wà ní girama, èsì ìdánwò ń wọlé ní táàmù kọ̀ọ̀kan, ìpàdé òbí àti olùkọ́ ń wáyé, olùkọ́ kíláàsì sì lè pe ìyá lórí fóònù pé, "Mọ́mì, a ò rí ọmọ yín lánàá o." Ọjọ́ tí ọmọ náà bá ti wọ gáùn matiríkuléṣọ̀n, gbogbo rẹ̀ dáwọ́ dúró. Ojú òpó yunifásítì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni máàkì ń wà, password sì wà lọ́wọ́ ọmọ nìkan. Ohun tó bá fi han òbí ni òbí rí.

Ìgbà mìíràn tilẹ̀ wà tí ọmọ kò parọ́, síbẹ̀ tí òbí kò mọ òótọ́. Ọmọ ní, "Dádì, 2.1 ni mo ní." Inú bàbá dùn, ó rò pé two-one tí gbogbo ayé ń wá ni, ìyẹn Second Class Upper. Ṣùgbọ́n nínú 5 ni àwọn yunifásítì wa ti ń ṣírò máàkì, láti 3.50 sì ni two-one ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní 2.1 nínú 5, Third Class ló wà. Ta ló jókòó ṣàlàyé ìyẹn fún bàbá tó ń wa ọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá?

Àwọn kan yóò sọ pé àgbàlagbà ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kan òbí mọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ọjọ́ orí àwọn tí à ń sọ. Ní 2024, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, Tahir Mamman, ní ọmọ ọdún 18 ló yẹ kó máa wọ yunifásítì. Ọdún yẹn kò parí tí Tunji Alausa tó gbapò rẹ̀ fi dá a padà sí 16, ibẹ̀ náà ni JAMB sì dúró sí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ ní tirẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. A wá mú ọmọ ọdún 16, a gbé e lọ sí Kámpù tàbí Odò-Ẹran, a háyà yàrá fún un láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, ilé ẹ̀kọ́ sì ń bá a lò bí ẹni tí kò ní ẹnì kankan lẹ́yìn. A kò rí àpọ́nlé kankan nínú ìyẹn.

Ẹni tó ti pé 18 ńkọ́? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n bo àṣírí rẹ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni kò gbà kí ilé ẹ̀kọ́ kàn máa gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣáà ti béèrè, a sì fara mọ́ òfin náà. Ìdí nìyẹn tí a fi mẹ́nu ba àṣẹ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè.

Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe é. Lẹ́yìn tí ikú pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan lọ́nà tó ba gbogbo ènìyàn lọ́kàn jẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2018 sí í bi akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà ìforúkọsílẹ̀ pé: bí ọkàn wa kò bá balẹ̀ rárá nípa rẹ, ṣé a lè pe òbí rẹ tàbí ẹlòmíràn tí o fọkàn tán? Ju ẹni mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ òyìnbó tí a máa ń sọ pé wọn kì í fẹ́ kí òbí dá sí ọ̀rọ̀ wọn ló dáhùn báyẹn.

Kò sì di dandan ká dé Bristol ká tó rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́. Ní Arò níhìn-ín, ní 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àwọn oníṣègùn káàkiri àgbáyé ṣì ń tọ́ka sí. Dípò kó ti àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ó sì fi dandan lé e pé, ó kéré tán, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kó máa gbé pẹ̀lú rẹ̀. Birmingham ni Lambo ti kàwé ìṣègùn. Ohun tí òyìnbó mọ̀ nínú iṣẹ́ náà, òun náà mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ ó rí i pé ọ̀nà tó dára jù fún àwọn ènìyàn wa ni èyí tí kò gba ẹni lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. A kò sọ pé aláìsàn ni akẹ́kọ̀ọ́ o. Ohun tí à ń sọ ni pé ìlú yìí ti mọ̀ tipẹ́ pé nígbà tí nǹkan bá le fún ènìyàn, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹbí wà nítòsí.

Kí wá ni kí òbí máa gbọ́? Gbogbo máàkì kọ́, ẹni tí ọmọ ń bá rìn kọ́, bóyá ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí kọ́. Àwọn yunifásítì aládàáni kan ń gba àṣẹ òbí kí ọmọ tó jáde ní géètì. A ò ní kí ti ìjọba dà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sọ fún òbí bí sẹ̀mẹ́sítà bá ti wọlé tí ọmọ kò forúkọ sílẹ̀. Kí wọ́n sọ bó bá bọ́ sí probation, ìyẹn ìkìlọ̀ pé máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀ jù, torí ìrànlọ́wọ́ ṣì wúlò nígbà yẹn. Bí wọ́n bá dá a dúró sí ilé ìwòsàn, tàbí tí ọlọ́pàá mú un, tàbí tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá tí olùkọ́ tó ń mójú tó ìpele rẹ̀ kò rí i, kí fóònù òbí dún. Aláró Ìtòkú kì í dúró dìgbà tí aṣọ bá gbẹ kó tó wò ó bóyá aró mú.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ti yọ ọ̀rọ̀ iye tó ń wọlé fún òbí kúrò, ó sì yọ ti onídùúró náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ mẹ̀kúnnù ni kì bá má rí owó náà gbà. NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, ó sì ń fi 20,000 náírà ránṣẹ́ lóṣù sí ọmọ tó bá béèrè fún owó ìgbọ́bùkátà. Ṣùgbọ́n ọmọ lè jẹ gbèsè báyìí kí ẹnikẹ́ni nílé má mọ̀. Ìyá rẹ̀ sì lè lọ yá owó èlé kó fi san ohun tí NELFUND ti san. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fi ẹ̀dà rìsíìtì ránṣẹ́ sí òbí, ìyẹn ti yanjú.

Ibi tí a fẹ́ kí àwọn gíwá yunifásítì fara balẹ̀ sí jù ni ọ̀rọ̀ èdè. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá kọ lẹ́tà òyìnbó tó kún fún "academic standing" àti "Senate regulations", tó fi ránṣẹ́ sí ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú, ta ni ìyá náà yóò pè kó bá òun kà á? Ọmọ yẹn náà ni. Ẹni tí wọ́n kọ lẹ́tà nípa rẹ̀ ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un. Kí wọ́n fi Yorùbá ránṣẹ́, kí ó sì jẹ́ ohùn lórí WhatsApp, kí ẹni tí kò lè kàwé náà lè gbọ́ láìwá ẹlẹ́nu méjì. Ìṣẹ́jú kan tó: "Ìyá, ọmọ yín ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa. Máàkì rẹ̀ ti wálẹ̀, bí kò bá sì gòkè, a lè ní kó máa lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ẹ wá rí wa, ọ̀nà àbáyọ ṣì wà." Òbí tó bá jẹ́ Hausa tàbí Ígbò ni èdè tirẹ̀ tọ́ sí. Fún àwọn ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo òbí lápapọ̀, bí owó tó yí padà tàbí ọjọ́ ìwọlé, OGBC àti Paramount FM wà nílùú yìí. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì 2022 tí wọn kò padà títí di oṣù kẹwàá, ẹnu àwọn ọmọ àti àhesọ ọjà ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń gbọ́ ìgbà tí ẹ̀kọ́ yóò tún bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni.

Wọ́n lè ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù lọ́rùn àwọn olùkọ́. Òótọ́ ni, a ò sì ní kí olùkọ́ máa pe òbí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò CGPA, ìyẹn máàkì àpapọ̀ ọmọ, tó ń kó orúkọ àwọn tó bọ́ sí probation jọ fún Sẹ́nẹ́ẹ̀tì yunifásítì, lè fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Òṣìṣẹ́ méjì tó ní sùúrù, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbé fóònù òbí, tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Ọmọ kì í ṣàdédé fi nǹkan pamọ́. Ọjọ́ tó ti rí àyè gbà láti lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko ni wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Dọ́kítà lọ́jà Kútò. Gbogbo ìgbà tó bá wálé ló ń gbọ́ orúkọ yẹn, ó sì ń rí bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe ń tàn. Bí máàkì bá wá já bọ́, orúkọ tí gbogbo ọjà fi ń kí ìyá rẹ̀ ni yóò gbà kúrò lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún 17 wo ló lè ṣe ìyẹn kó má wárìrì? Ẹ fi oyè sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi gboyè.

Nígbà tí ìpè bá dé láti ilé ẹ̀kọ́, bí ohun tí ẹ kọ́kọ́ ṣe bá jẹ́ pé ẹ dá owó oúnjẹ dúró, ẹ sì pe gbogbo mọ̀lẹ́bí lé e lórí, ọmọ náà kò ní fọwọ́ sí ìwé àṣẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kò sì ní lè dá a lẹ́bi. Ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹ bi í: ṣé o ń jẹun? Ṣé ẹnì kan ń dà ọ́ láàmú? Ṣé ìwọ ni ẹ̀kọ́ yìí wù, àbí àwa? Ìbéèrè kẹta yẹn máa ń le fún òbí láti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi í.

Kí òbí má sì sọ ọ̀nà yìí di ibi tí yóò máa gbà gbé àpòòwé tọ olùkọ́ lọ nítorí máàkì. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ba ọmọ tirẹ̀ jẹ́, ó sì ti gba ipò ọmọ ẹlòmíràn. Ọ́fíìsì tí ilé ẹ̀kọ́ bá yà sọ́tọ̀ fún àwọn òbí ni kí wọ́n wá, kí wọ́n má dé ọ̀dọ̀ olùkọ́. Àwọn ọmọ kan sì wà tí ilé gan-an ni ewu wọn, àwọn kan kò ní òbí láyé mọ́. Kí ìwé àṣẹ náà gbà wọ́n láàyè láti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n, àǹtí, àlùfáà tàbí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fọkàn tán.

Kò nílò òfin tuntun láti Abuja. Sẹ́nẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè fọwọ́ sí i, a sì fẹ́ kí FUNAAB ṣíwájú. Kí wọ́n fi ojú ewé kan kún fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ sáà tó ń bọ̀, kí àwọn aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ wà níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì lè yí èrò rẹ̀ padà nígbàkúùgbà. Ẹ̀yin òbí tí nọ́ńbà fóònù yín ti yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ yín kọ nígbà tó wọlé, ẹ lọ fi tuntun sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀.