Àgò Tí Onílé Kò Gbọ́

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé n'Ìbàdàn, bó bá dé ẹnu ọ̀nà onílé, á kọ́kọ́ ké àgò. Bí wọn ò bá dá a lóhùn pé àgò yà, ìta ni yóò dúró sí, ìbáà ṣe ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Àwọn ìkànnì àti áàpù orí fóònù náà ń ké àgò o, a ò ní parọ́ mọ́ wọn. Èdè tí onílé kò gbọ́ ni wọ́n fi ń ké e, wọ́n á sì ti dé yàrá kó tó béèrè pé ta nìyẹn.

Ìyá kan wà tó ń ta tòmátì lọ́jà Bódìjà. Owó ọjà rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó lọ́jọ́ kan, ni ọmọkùnrin tó ń bá a gbẹ́rù bá ní áàpù kan wà tó ń yáni lówó kíákíá. Ó gba fóònù ìyá, ó gbé e sí i. Àpótí kékeré kan yọ lójú fóònù, Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tẹ "Allow", ìyẹn "mo yọ̀ǹda". Òmíràn yọ, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló tẹ̀ ẹ́.

"Kí ni wọ́n ń bi ọ́?"

"Kò sí nǹkan kan, Mà. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ohun tí wọ́n ń tọrọ ni gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù náà, fọ́tò ibẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ibẹ̀, àti ibi tí ìyá bá wà nígbàkígbà. Ìyá fi ọjọ́ mẹ́ta pẹ́ láti dá owó náà padà, ni àna rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, pásítọ̀ rẹ̀ àti àwọn oníbàárà rẹ̀ bá ń gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé olè ni. Ó ti san gbèsè náà tán báyìí. Àna rẹ̀ ṣì ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Irú ìwà yìí kò ṣàjèjì sí ìjọba. Lọ́dún 2021, àjọ NITDA, tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ ayánilówó kan lórí ẹ̀sùn báyìí. Lọ́dún 2023, Google fòfin de áàpù ayánilówó tó wà ní Play Store, ọjà áàpù rẹ̀, láti má ṣe wo nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n áàpù tí wọ́n fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò gba ẹnu ọ̀nà Google kọjá rárá.

Kí ẹ̀yin tí ẹ kàwé má fi ìyá ṣẹ̀sín. Ìgbà wo lẹ ka ohun tó wà lókè "Accept all" gbẹ̀yìn? Kúkì tí ẹ ń gbà wọlé yẹn jẹ́ àmì kékeré tí ìkànnì ń fi sórí fóònù yín kó lè dá yín mọ̀ bí ẹ bá padà wá. Òmíràn wúlò, òun ni kì í jẹ́ kí ẹ tún máa kọ ọ̀rọ̀ aṣínà ní gbogbo ìgbà. Ti àwọn olùpolówó ọjà ló ń tẹ̀ lé yín láti ìkànnì dé ìkànnì. Ẹ kà nípa jẹ̀díjẹ̀dí láàárọ̀, nígbà tó máa fi di alẹ́, ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ti dúró dè yín níbi tí ẹ ti ń ka èsì bọ́ọ̀lù. Ẹ ò sì tíì sọ fún ìyàwó ilé pàápàá.

Àwọn kan gbójú lé incognito, ọ̀nà àtiwo ìkànnì ní bòókẹ́lẹ́. Fóònù yín nìkan nìyẹn ń jẹ́ kó gbàgbé. Ilé iṣẹ́ tí ẹ ń ra dátà lọ́wọ́ wọn àti ìkànnì tí ẹ lọ ṣì ń rí yín. Lọ́dún 2024, Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ rẹpẹtẹ tó ti kó jọ lórí àwọn tó ń lò ó rẹ́, kí wọ́n lè yanjú ẹjọ́ tí wọ́n pè é l'Amẹ́ríkà.

Òfin wà nílẹ̀. Abala 37 ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin ààbò dátà. (Kì í ṣe dátà tí ẹ ń rà ní gìgì o, ọ̀rọ̀ nípa ara yín ni.) Òfin náà ní dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé èdè tó yéni, tó sì rọrùn, ni kí wọ́n fi tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni.

Ibẹ̀ gan-an ni a dúró sí. Èdè wo ló yé ọjà Bódìjà? Àwọn ilé iṣẹ́ yìí kúkú gbọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá ń polówó lórí rédíò, wọ́n á kì wá, wọ́n á kọrin fún wa. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan fún Yorùbá. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kó àṣírí ẹni lọ nìkan ni Yorùbá ń sọnù lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá fi Yorùbá tajà, Yorùbá ni kó fi tọrọ àyè: ohun tí yóò mú, ẹni tí yóò fún, àti bí a ṣe lè gbà á padà. Kí àjọ NDPC, tó ń mójú tó òfin dátà náà, sọ ọ́ di dandan, kó sì ka "Allow" tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ sí asán.

Wọ́n á ní èdè pọ̀ jù ní Nàìjíríà, owó ni yóò gbà. Ṣé owó kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìpolówó ni? Wọ́n á tún ní ọ̀pọ̀ kò lè ka Yorùbá. Òótọ́ ni, àwa tí a ń tẹ̀wé mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí fóònù fi ẹnu sọ ọ́ nígbà náà.

Agbára ìjìyà kò sì jìnnà. Owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là ni FCCPC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà, bù lé Meta tó ni Facebook àti WhatsApp lóṣù Keje ọdún 2024 lórí ọ̀rọ̀ dátà àwọn oníbàárà, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ ẹni tí wọ́n pè lólè lójú àna kò ní ti Bódìjà wọkọ̀ lọ sí Àbújá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo tí èèyàn lè pè, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní Yorùbá, ni a ń fẹ́. Àgọ́dí, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé: kí gbogbo fọ́ọ̀mù tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń ní kí a kún lórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ní Yorùbá ohun tí wọ́n fẹ́ fi orúkọ àti nọ́ńbà wa ṣe.

Ìyá onítòmátì ti padà sí fóònù tọ́ọ̀ṣì. Ó ní ìyẹn kì í bi òun ní nǹkan kan.