Ẹ yẹ etí ọmọ wò kí ọjọ́ 21 tó pé

Ọmọ tí wọ́n bá bí ní Òṣogbo lọ́sẹ̀ yìí, wọn yóò wọ̀n ọ́n, wọn yóò gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, a ó sì sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Bí ara rẹ̀ bá le, ó lè di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ìyá rẹ̀ tó tún gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Nígbà náà, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní CMV. Òun ló wọ́pọ̀ jù lágbàáyé nínú àwọn tó ń ran ọmọ láti inú oyún. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwa àgbàlagbà ló ti ní in láti kékeré láì mọ̀, síbẹ̀ ó lè ta jí lára aláboyún kó sì ran ọlẹ̀ inú rẹ̀. Nínú ọmọ 10 tí a bí pẹ̀lú rẹ̀, bíi 9 ni kì í fi àmì kankan hàn. Nínú àwọn tí ara wọn dá ṣáká wọ̀nyí gan-an, ó tó 1 nínú 10 tí etí rẹ̀ yóò di tó bá yá, ti àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti ń sáré kiri. Àwọn tí àmì hàn lára wọn lè ní gìrì, kí ojú wọn má ríran dáadáa, kí ìjókòó àti ìrìn wọn sì pẹ́.

Itọ́ tàbí ìtọ̀ ọmọ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, láàárín ọjọ́ 21 àkọ́kọ́. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, ó ṣòro láti mọ̀ bóyá inú oyún ló ti kó o tàbí ọmú ìyá ló ti mu ún. Oògùn valganciclovir lè ran etí ọmọ tí àmì hàn lára rẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù mẹ́fà ni ọmọ ń lò ó, oṣù àkọ́kọ́ ló sì yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Àwa ńkọ́? “Bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀” la ó máa wí títí ọmọ yóò fi dé iléèwé. Tíṣà pè é, kò dáhùn. Èyí tó jókòó tì í fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, ó gbójú sókè, ó ń wo ẹnu tíṣà. Wọ́n ní olóríkunkun ni, wọ́n nà án. Nílé, wọ́n ní ìyá rẹ̀ jẹ èèwọ̀ nínú oyún. Obìnrin náà kò jẹ èèwọ̀ kankan, ó sì tó gẹ́ẹ́ tí a ń di ẹ̀bi rù ú.

Fáírọ́ọ̀sì mìíràn tí wọ́n ń pè ní rubella náà ń ba etí, ojú àti ọkàn ọmọ inú oyún jẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àjẹsára, Nàìjíríà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé láti ọdún 2025. CMV kò tíì ní. Ìmọ́tótó ló kù: kí aláboyún fọwọ́ bó bá ti pààrọ̀ ìlédìí ọmọ, kó má fi ẹnu lá ṣíbí rẹ̀, kó má jẹ àjẹkù ẹ̀kọ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì wa tó ń fi orin kọ́ àwọn aláboyún lè fi èyí kún orin wọn lọ́la.

Ìjọba Ọ̀ṣun ni ti ẹ̀rọ àyẹ̀wò etí kàn. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń ti ẹnu rẹ̀ bọ etí ọmọ tó ń sùn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kó wà ní ibi ìgbẹ̀bí gbogbo, láti UNIOSUN Teaching Hospital àti ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Aṣúbíaró dé àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò bá dáhùn, kí wọ́n gba itọ́ rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀. Kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ san owó rẹ̀, kó sì máa san án fún àyẹ̀wò etí àwọn tó ní àrùn náà títí wọn yóò fi pé ọdún mẹ́fà. Kí àwọn aṣòfin bèèrè owó ẹ̀rọ yìí nínú ìṣúná tó ń bọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.